Ìfági onígi ilẹ̀ Ṣáínà: bí a ṣe ń fọwọ́ ṣe é, láti ègé igi títí dé ìfá àkọ́kọ́

Ẹ gbé ìfági ará Ṣáínà kan, irinṣẹ́ tí káfíńtà fi ń fá ojú igi kó tọ́ kó sì dán, lé orí tábìlì. Ohun àkọ́kọ́ tí ojú yín yóò rí ni ìyẹ́ rẹ̀: igi kan dábùú ẹ̀yìn abẹ, ó yọ sí ọ̀tún, ó yọ sí òsì, ibẹ̀ ni oníṣẹ́ ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú tí ó fi ń tì í lọ síwájú. Song Yingxing, ẹni tó kó iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Ṣáínà jọ sínú ìwé ní ọdún 1637, ṣàpèjúwe rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: igi àdábùú tó dà bí ìyẹ́ méjì, tí ọwọ́ ń tì síwájú. Ó ní irin tí wọ́n fi irin líle sí lẹ́nu ni abẹ rẹ̀, ẹnu yẹn sì kàn yọ bíńtín ni láti ojú igi. Ó dárúkọ ìfági ńlá àwọn tó ń ṣe àgbá igi, èyí tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ kí abẹ kọjú sókè, tí wọ́n á wá máa wọ́ igi kọjá lórí rẹ̀. Ó tún dárúkọ èyí tí wọ́n fi orúkọ ọ̀kùn pè, torí abẹ kéékèèké tó lé ní mẹ́wàá ló tò sára rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn. Ó ti ń lọ sí irinwó ọdún tí ó ti kọ ọ́, ẹni tó bá sì ka àpèjúwe náà lónìí ṣì lè fi dá ìfági náà mọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Lu Ban ni baba ńlá gbogbo gbẹ́nàgbẹ́nà ní Ṣáínà, ẹni tó gbé ayé ní nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù. Bí àwa tí irin ń bọ́ ṣe ń wo Ògún ni wọ́n ń wò ó. Ìtàn ẹnu wọn sọ pé òun ló dá ayùn àti ìfági sílẹ̀. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún lẹ́yìn rẹ̀, irin kan tó rí bí orí ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi ń fá ojú igi. Ìgbà àwọn ọba Ming (ọdún 1368 sí 1644) ni ìfági onígi tó ní abẹ nínú wá gbilẹ̀.

Kí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó pọ̀, káfíńtà Ṣáínà kì í lọ ra odindi ìfági. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni ó ti ń ra abẹ, òun fúnra rẹ̀ á sì gbẹ́ ara igi rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ a máa ṣe tirẹ̀ lábẹ́ ojú ọ̀gá. Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ fi hàn yín, torí mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé káfíńtà tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìfági kan kò tún ní wo èyí tó kù lójú lásán mọ́. Tí ohun kan ṣoṣo bá wà tí mo fẹ́ kó dúró sí yín lọ́kàn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun ni pé ibi tí abẹ fẹ̀yìn tì ló ń sọ ìfági di ìfági. Abẹ olówó iyebíye tí kò rí ibi dúró sí kò lè fá nǹkan kan tó dára.

Ìwọ̀n àti ìdúró abẹ

Oríṣi ìfági pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Gígùn, bíi 40 sẹ̀ǹtímítà sókè, ni wọ́n fi ń mú ojú igi tọ́ kí pátákó méjì lè lẹ̀ mọ́ra láìsí àlàfo. Èyí tó mọ níwọ̀n ló ń ṣí àpá ayùn kúrò. Kúkúrú ló ń dán ojú igi kẹ́yìn. Ti kòtò wà, ti etí pátákó wà, ti ìlà ọ̀ṣọ́ wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwọn lọ́tọ̀ ni. Èyí tí a máa ṣe yìí wà láàárín, ó lè dán igi, ó sì lè mú pátákó kékeré tọ́: gígùn rẹ̀ 22 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ rẹ̀ 62 mílímítà, gíga rẹ̀ 45 mílímítà. Abẹ rẹ̀ jẹ́ 44 mílímítà ní fífẹ̀, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà Ṣáínà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 38 àti 51 náà wà.

Ẹ pinnu ìdúró abẹ, ìyẹn bí yóò ṣe dagun sí ojú ìsàlẹ̀ ìfági, kí ẹ tó fa ìlà kankan. Fún igi tó rọ̀, dígírì 45 ti tó. Fún igi líle tí iṣan rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, bí àwọn igi pupa tí wọ́n ń pè ní hongmu tí wọ́n fi ń ṣe àga àti tábìlì ní Guangdong ní gúúsù Ṣáínà, wọ́n máa ń jẹ́ kí abẹ nàró jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti 50 títí dé 60. Ìdí rẹ̀ ni pé abẹ tó nàró ń ṣẹ́ àfájáde, ìyẹn igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí abẹ ń fá kúrò, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bó ṣe ń jáde, kò fún un láyè láti fa iṣan igi tu mọ́ra. Ohun tó gbà lọ́wọ́ yín padà ni agbára, torí yóò wúwo láti tì. Mo fara mọ́ 50 fún ẹni tó ní ìfági kan ṣoṣo.

Ẹ kò nílò ohun ìwọn dígírì. Gíga igi wa jẹ́ 45 mílímítà. Tí ẹ bá fẹ́ dígírì 45, ẹ wọn 45 mílímítà sẹ́yìn lókè igi láti ọ̀gangan ẹnu ìfági nísàlẹ̀, ìyẹn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí abẹ ń gbà yọ, kí ẹ so ojú méjèèjì pọ̀. Fún 50, ẹ wọn 38. Fún 55, ẹ wọn 31 àbọ̀. Fún 60, ẹ wọn 26.

Igi

Igi tó le, tí ojú rẹ̀ kúnná, tí iṣan rẹ̀ tọ́, tó sì ti gbẹ dénú. Jujube, péà, óòkù àti àwọn igi pupa ni wọ́n ń lò ní Ṣáínà, ẹnì kọ̀ọ̀kan a sì máa lo èyí tó wà nítòsí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ igi pupa yìí kàn wá nílé. Ọ̀kan nínú àwọn igi tí ìlànà ìjọba Ṣáínà kà mọ́ hongmu ni kosso, tí orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Pterocarpus erinaceus, ìbátan igi osùn wa. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ti ń hù. Wọ́n gé e ní Nàìjíríà àti láwọn orílẹ̀-èdè àyíká wa, wọ́n kó o lọ sí Ṣáínà débi pé ní ìpàdé CITES tó wáyé ní Johannesburg lọ́dún 2016, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, wọ́n fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó o kọjá ẹnu ibodè láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé igi tútù lulẹ̀ nítorí ìfági kan. Ègé igi apá láti ara férémù ilẹ̀kùn àtijọ́ ti pọ̀ tó, ó tún sàn jù, torí ó ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, igi apá kì í sì í wú tàbí sún kì púpọ̀ nígbà òjò àti nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Bó bá jẹ́ igi tútù lẹ ní, ẹ fi ìda kun orí rẹ̀ méjèèjì kó má baà là, kí ẹ tò ó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn kò tà á. Ìṣirò àwọn àgbà ni ọdún kan fún sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ nínípọn. Ẹ lè gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ máa kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́ ló gbẹ. Lẹ́yìn náà ẹ gé e kó fi mílímítà márùn-ún tóbi ju ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tún fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Igi tí a gé ni inú rẹ̀ ń sinmi, bó bá fẹ́ wọ́, àsìkò yẹn ni kó wọ́, kó má jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti gbẹ́ ọ̀fun, ihò tí abẹ ń wọ̀, sí i.

Bí ẹ ó ṣe kọ ojú igi ṣe pàtàkì. Àárín gbùngbùn igi kò gbọ̀dọ̀ sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kókó àti funfun etí igi kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ẹ wo orí igi níbi tí òrùka ọdún ti hàn: apá tó kọjú sí èèpo ni kó di àtẹ́lẹsẹ̀ ìfági, ojú ìsàlẹ̀ tó ń rìn lórí pátákó. Bí igi bá ká díẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ni yóò wọlé, etí méjèèjì yóò sì dúró lélẹ̀, ìfági kò ní máa mì tìtì lórí pátákó. Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ igi. Kí iṣan rẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí irun ẹ̀yìn ológbò. Ẹ mọ̀ pé bí a bá fọwọ́ pa ológbò láti orí lọ sí ìrù, irun rẹ̀ a sùn, bí a bá sì ti ìrù bọ̀, irun á dìde. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ ìfági náà ṣe rí nìyẹn.

Ẹ fá ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tọ́, kí sìkúà, irinṣẹ́ tí a fi ń yẹ igun wò, jókòó sí igun gbogbo. Bí igi kò bá dúró ṣánṣán níbí, gbogbo ìlà tí ẹ ó fà lé e lórí á ṣi yín lọ́nà.

Ìlà

Fún igi gígùn, mòdǒu ni káfíńtà Ṣáínà ń lò: àpótí kékeré tí yíǹkì wà nínú rẹ̀, okùn á gba inú yíǹkì kọjá, wọ́n á nà án, wọ́n á ta á, ìlà á dúró lójú igi. Fún iṣẹ́ yìí, pẹ́ńsùlù tó mú ti tó fún òkè, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ni kí ẹ fi fa ìlà ẹnu nísàlẹ̀.

Ẹ wọn 11 sẹ̀ǹtímítà àbọ̀ láti iwájú, kí ẹ fa ìlà dábùú àtẹ́lẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni etí abẹ yóò ti yọ. Ó fi díẹ̀ kọjá àárín sẹ́yìn, kí iwájú lè gùn tó láti jókòó sórí igi kí abẹ tó débẹ̀. Ẹ gbé ìlà náà gun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lókè, ẹ wọn 38 mílímítà sẹ́yìn rẹ̀ fún ìdúró abẹ, kí ẹ wọn 25 mílímítà síwájú rẹ̀ fún ògiri iwájú ọ̀fun, ibi tí àfájáde yóò gbà jáde. Ẹ so wọ́n pọ̀ lára ẹ̀gbẹ́: ìlà méjèèjì á ya bí ẹnu ẹyẹ tó là sókè.

Fífẹ̀ ihò náà kò gbọdọ̀ dọ́gba pẹ̀lú abẹ rẹ́gí. Ẹ fi ìdajì mílímítà kún un lápá kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ 45 mílímítà. Irin kì í sún kì nígbà ọyẹ́, igi a máa sún kì. Bí ẹ bá ti fi abẹ há a pinpin, ẹ̀gbẹ́ ìfági á là láàárín òru, ẹ ó sì gbọ́ ìró rẹ̀.

Gbígbẹ́ ọ̀fun

Káfíńtà Ṣáínà máa ń jókòó sórí igi tó ń gbẹ́, lórí àpótí gbọọrọ. Ìwúwo ara rẹ̀ ló ń di igi náà mú. Ẹ̀yìn àáké ló sì fi ń lu ṣísẹ̀lì. Òòlù onígi náà á ṣe é.

Òkè lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lu ihò sí i pẹ̀lú dírílì láti dín igi kù, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kékeré ló ń fi ẹ̀rọ ṣe apá yìí báyìí tí wọ́n ń fọwọ́ parí ìyókù. Ẹ dúró ní mílímítà méjì sí gbogbo ìlà. Ẹ gbẹ́ ẹ lọ dé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga igi, kí ẹ dáwọ́ dúró.

Ẹ dojú igi náà dé. Láti ìsàlẹ̀, ẹ fi ṣísẹ̀lì tó mú bí abẹ ìfárí gbẹ́ ẹnu, kó má fẹ̀ ju mílímítà kan àbọ̀ lọ, síwájú ìlà ọ̀bẹ tí ẹ fà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi pàdé ihò tó ti òkè bọ̀. Ẹ má ṣe gba òkè lọ jáde sísàlẹ̀ lọ́nàkọnà, ẹnu á fọ́ yángá, ẹnu tó bá sì ti fọ́ kò ṣe é dá padà. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi ṣísẹ̀lì fífẹ̀ gé e dé ìlà lápá iwájú àti lápá ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀, ó ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ìrọ̀gbọ̀kú abẹ

Mo ń pe ojú igi tó dagun tí abẹ fẹ̀yìn tì yìí ní ìrọ̀gbọ̀kú, torí abẹ gbọ́dọ̀ rọ̀gbọ̀kú síbẹ̀ pátápátá bí àgbàlagbà tó sinmi lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ fi odindi ìdajì ọjọ́ fún un.

Ìfági àkọ́kọ́ tí mo ṣe ń gbọ̀n. Bó bá kan igi, a máa dún gìrìgìrì, a sì máa fi àpá bí àtẹ̀gùn sílẹ̀ lójú pátákó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń pọ́n abẹ, mo rò pé kò mú ni. Ọjọ́ kẹrin ni mo fi ìka kan ìrọ̀gbọ̀kú tí mo sì rí i pé àárín rẹ̀ yọ gàgà, bí ìnípọn èékánná kan báyìí. Orí òkè kékeré yẹn ni abẹ ń jó lé.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ lo ṣísẹ̀lì tó fẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ gé e láti òkè wá sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà. Ẹ mú dúdú ìdí ìkòkò, kí ẹ fi òróró díẹ̀ pò ó, kí ẹ fi pa ẹ̀yìn abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ ti abẹ wọ àyè rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, ẹ mì í díẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ibi tó dúdú lára igi ni ibi tó ga. Ẹ ha ibẹ̀ nìkan, kí ẹ má fọwọ́ kan ibòmíràn. Ẹ tún abẹ pa, ẹ tún un tì bọ̀ ọ́, ẹ tún ha. Bí ogún ìgbà, bí ọgbọ̀n ìgbà. Lákọ̀ọ́kọ́, dúdú yóò hàn ní ojú méjì tàbí mẹ́ta péré. Bó bá yá, yóò máa tàn ká.

Ìgbà wo ló tó? Nígbà tí dúdú bá hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó sì hàn dábùú ìsàlẹ̀ pátá nítòsí ẹnu. Àárín lè wọlé bí ìnípọn ìwé, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yọ síta láéláé. Dábùú tó sún mọ́ ẹnu ni kí ẹ mójú tó jù, torí ibẹ̀ ni agbára igi tí à ń fá ti ń ti abẹ padà.

Ẹ tún wo bí abẹ ṣe yọ nísàlẹ̀: etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìlà ọ̀bẹ lọ déédéé láti ọ̀tún dé òsì. Bó bá gbé apá kan sókè, ìrọ̀gbọ̀kú lẹ ó tún ṣe, ẹ má pọ́n abẹ ní wíwọ́ láti bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀pá ìdábùú àti wẹ́jì

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà di abẹ mú. Àwọn kan a máa gbẹ́ èjìká sára ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun fún wẹ́jì, ègé igi tó tín-ín-rín lápá kan tí a fi ń há abẹ mọ́ àyè rẹ̀, láti há sí. Àwọn mìíràn a máa fi ọ̀pá irin, idẹ tàbí igi líle dábùú ọ̀fun láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, wẹ́jì á wọ àárín ọ̀pá àti abẹ. Ọ̀nà kejì ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ẹ lo ọ̀pá idẹ tó nípọn ní mílímítà mẹ́jọ. Ibi tí ihò rẹ̀ yóò wà: bíi 30 mílímítà sókè láti àtẹ́lẹsẹ̀, mílímítà méjì sẹ́yìn ìlà ẹnu. Níbẹ̀, àyè tó wà láàárín ọ̀pá àti ìrọ̀gbọ̀kú á jẹ́ nǹkan bíi 14 mílímítà, tó gba abẹ àti irin tó bò ó, bíi 6 lápapọ̀, kó ṣẹ́ ku 8 fún wẹ́jì. Bí abẹ tiyín bá nípọn jù bẹ́ẹ̀, ẹ sún ihò síwájú bó ṣe yẹ. Ẹ lu ihò láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá pàdé ní àárín, kó má baà wọ́.

Igi kan náà tí ẹ fi ṣe ara ni kí ẹ fi ṣe wẹ́jì, kí iṣan rẹ̀ lọ lóòró. Kó máa tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀ ní ìdá kan nínú méje tàbí mẹ́jọ gígùn rẹ̀. Bó bá dagun jù bẹ́ẹ̀, yóò máa yọ jáde fúnra rẹ̀. Bó bá sì tẹ́jú jù, kò ní gbà kí a yọ ọ́. Ẹ tún lo dúdú ìdí ìkòkò láti rí i pé ó fara kan irin pátápátá. Ìsàlẹ̀ wẹ́jì gbọ́dọ̀ duró lókè ọ̀nà àfájáde, kí ẹ sì bẹ́ ẹ lẹ́nu kó tín-ín-rín.

Ìyẹ́

Ègé igi líle, gígùn 25 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ 25 mílímítà, nínípọn 18. Ẹ jẹ́ kí àárín rẹ̀ wà ní igun mẹ́rin, kí apá méjèèjì máa tín-ín-rín, kó sì róbótó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn ọ̀fun, bíi sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbẹ́ kòtò dábùú òkè ìfági, jíjìn rẹ̀ mílímítà mẹ́jọ, kí ìsàlẹ̀ kòtò náà fẹ̀ díẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹ gé ìdí ìyẹ́ kó bá a mu, kí ẹ ti ẹ̀gbẹ́ tì í wọlé. Kò ní lè fò jáde sókè. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí i, kó ṣe é yọ tí ẹ bá fẹ́ gbé e rìnrìn àjò.

Ìdìmú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti onírin. Àtẹ́lẹwọ́ wà lórí ìyẹ́, ìka ìlábẹ̀ méjèèjì nà síwájú lára ẹ̀gbẹ́ ìfági láti tẹ iwájú mọ́lẹ̀, àtàǹpàkò méjèèjì wà lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ àti ìbàdí ló ń tì í, ọwọ́ kàn ń darí ni.

Abẹ àti irin ìbòrí

Abẹ tó dára ní ẹ̀yìn rírọ̀ àti ẹnu líle: irin lásán ni gbogbo ara rẹ̀, alágbẹ̀dẹ wá jó irin líle pẹlẹbẹ mọ́ ọn níbi tí ẹnu yóò wà. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti pọ́n. Ẹ tẹ́ ojú tó ní irin líle pẹrẹsẹ lórí òkúta ìpọ́nbẹ, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àkọ́kọ́ péré, títí yóò fi máa dán bí omi. Lẹ́yìn náà ẹ pọ́n ẹnu rẹ̀ sí dígírì 25 sí 30. Ẹ bu igun méjèèjì jẹ díẹ̀ kó má baà fi ìlà sílẹ̀ lójú pátákó.

Gàitiě, irin tó bo abẹ lórí, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣẹ́ àfájáde kó tó fa iṣan igi tu. Ẹ pọ́n ẹnu tirẹ̀ kó lẹ̀ mọ́ abẹ débi tí ìmọ́lẹ̀ kò ní lè gba àárín wọn. Àlàfo tí irun kan lè wọ̀ ti tó láti dí ìfági. Fún ìfá àkọ́kọ́, kó fi mílímítà kan sẹ́yìn sí etí abẹ. Fún dídán, kó jẹ́ ìdá mẹ́ta mílímítà tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀.

Àtẹ́lẹsẹ̀ àti ẹnu

Ẹ fi abẹ àti wẹ́jì há inú ìfági bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí etí abẹ wọlé bíi mílímítà kan kó má yọ. Báyìí ni ẹ ó ṣe fá àtẹ́lẹsẹ̀. Ìdí ni pé wẹ́jì tó há ń tẹ ara igi, ó ń yí àtẹ́lẹsẹ̀ padà díẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ tí a fá nígbà tí inú òfìfo máa ń wọ́ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó tọ́, kí ẹ fi ọ̀kan dábùú iwájú àti ọ̀kan dábùú ẹ̀yìn, kí ẹ tẹ̀ ba kí ojú yín dọ́gba pẹ̀lú wọn. Bí ọ̀kan bá gbé apá sókè, igi ti lọ́. Ẹ lẹ sánpépà mọ́ gíláàsì tó nípọn, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù ya gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹ máa wọ́ ọ lórí rẹ̀. Nígbà tí àmì pẹ́ńsùlù bá parẹ́ níwájú, nítòsí ẹnu àti lẹ́yìn, ó ti tó. Àwọn ọ̀gá àtijọ́ kò ní gíláàsì, ìfági mìíràn àti igi tó tọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ẹnu ló kẹ́yìn. Ẹ sún abẹ jáde. Bí kò bá lè kọjá, ẹ fi fáìlì tín-ín-rín ha ògiri iwájú ẹnu, kì í ṣe ìrọ̀gbọ̀kú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí ẹ tún dán an wò. Fún dídán igi, àlàfo tó wà níwájú abẹ kò gbọdọ̀ ju mílímítà kan lọ.

Òróró

Òróró tung, tí wọ́n ń fún lára èso igi tung, ni wọ́n ń fi pa igi ní Ṣáínà láti ayébáyé, títí kan ọkọ̀ ojú omi àti agbòòrùn oníwèé. Ẹ fi aṣọ pa á fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta wà láàárín. Ẹ yọ abẹ kúrò, ẹ má sì pa á sí ìrọ̀gbọ̀kú àti wẹ́jì, wọ́n á máa yọ̀. Ìkìlọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ dan-in dan-in mú: aṣọ tí ẹ fi pa òróró yìí lè gbiná fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ká a jọ sí igun kan. Ẹ ta á síta kó gbẹ kí ẹ tó dà á nù.

Ìfá àkọ́kọ́

Ẹ fi òòlù kékeré kan orí abẹ kó yọ sísàlẹ̀. Bó bá yọ jù, ẹ lu ẹ̀yìn ìfági, abẹ á padà sókè. Lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan, ẹ fọwọ́ lu wẹ́jì lẹ́ẹ̀kan kó dúró. Ẹ dojú ìfági kọ ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo etí abẹ láti iwájú: ó yẹ kó hàn bí irun dúdú kan ṣoṣo láti ọ̀tún dé òsì.

Bó bá ń gbọ̀n, ìrọ̀gbọ̀kú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà wẹ́jì. Bó bá ń dí, ẹ wo àlàfo abẹ àti gàitiě, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ wẹ́jì, kí ẹ sì wò ó bóyá àyè tó wà láàárín ọ̀pá idẹ àti ògiri iwájú gba ìka kan. Bó bá ń fa igi ya, ẹ yí pátákó padà kí ẹ fá a láti apá kejì, kí ẹ tó sún gàitiě mọ́ etí abẹ. Bó bá fá níwájú tí kò fá láàárín pátákó, àtẹ́lẹsẹ̀ ti wọ́.

Ní ìparí iṣẹ́ ojúmọ́, ẹ tú wẹ́jì sílẹ̀ kí igi sinmi, kí ẹ sì fi ìfági lélẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni igi ṣì ń wá ibi tí yóò jókòó sí, nítorí náà ẹ tún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tòun ti abẹ há sínú rẹ̀.